Akèrègbè Méjì tí Mi Ò Kó Sínú Ọkọ̀

Lọ́dún tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi pákó kan ọkọ̀ ojú omi sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó gba àdúgbò náà kọjá tí kò dúró wò ó. A kì í ṣe ará etí òkun. Ọ̀ṣun tó gba ìlú wa kọjá, a kì í pa ẹja rẹ̀, a kì í sì í jẹ ẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sílùú ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn rí pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tò pọ̀, posí ni wọ́n kọ́kọ́ rò.

Aránṣọ kan wà lójúde wa tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó débẹ̀.

"Káfíńtà, ta ló kú tó ga tó báyìí?"

"Kò tíì kú," ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi á fèsì láìgbójú sókè. "Ẹ na ẹsẹ̀ yín kí n wọ̀n ọ́n."

Ará Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, káfíńtà rélùwéè. Ìjókòó inú ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀kùn rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tún wọn ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú. Bó bá so pákó méjì pọ̀, á fi èékánná àtàǹpàkò fa ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí èékánná bá fi lè kọ́, á tú u, á tún un ṣe, kódà bó jẹ́ àpótí ìdáná lásán. Kí wọ́n tó gbé e wá sí Òṣogbo, ó ti ṣiṣẹ́ ní Jẹ́bà, létí odò Ọya. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sóko, ọkọ̀ tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ. Ohun tó rí yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí lọ́rì, tí iṣẹ́ ń dín kù ní ṣẹ́ẹ̀dì wọn, ó ní òun fẹ́ ní ohun kan lọ́wọ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, kí ìwé ìdádúró tó dé bá òun.

Ní tèmi, ìwé mẹ́fà ni mo kà tí owó fi tán. Ọ̀dọ̀ òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé, mo sì ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀ rélùwéè kan náà. Mo lè lúwẹ̀ẹ́. Inú àwọn odò kéékèèké tó yí wa ká la ti kọ́ ọ lọ́mọdé. Òun kò lè lúwẹ̀ẹ́ rárá. Orí òkè ni wọ́n ti tọ́ ọ, omi tó mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n ń pọn wá sílé lọ. Ó mọ èyí nípa ara rẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Odò Ẹrinlẹ̀ tí ìjọba sé, lẹ́yìn Ìdó-Ọ̀ṣun lọ́hùn-ún, ló fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ. Ó kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún un lọ́nà òdì. Ìyá mi tẹ́tí sí i títí ó fi parí, ó wá ní, "Bí kì í bá ṣe Ọ̀ṣun, àna mi, ẹ lọ rebi ire. Bó bá jẹ́ Ọ̀ṣun, ẹ má mú ọmọ mi dání." Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí fún un. Nílé, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin ará Òṣogbo," ó ní, "ẹja ń sanra lójú yín, ẹ ń lọ ra èyí tí oòrùn ti sá gbẹ láti ọ̀nà jíjìn." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Àmọ́ mo rántí ẹ̀rín náà, ó sì wúlò fún mi lọ́nà tí kò dáa nígbà tó yá.

Ọkọ̀ parí. Igi afárá ló fi kàn án nítorí pé ó fúyẹ́; ó fi òwú àti ọ̀dà dúdú dí ojú gbogbo ibi tí pákó ti pàdé. Ó wá ku ohun tí yóò wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gùn ju kíkàn rẹ̀ lọ, nítorí pé òfin kan ló gbé kalẹ̀ fún un: ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ méjì. Èyí tí kò bá ní iṣẹ́ méjì, kó jókòó sílé.

Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló gbẹ́, láti ara igi ọmọ̀, nítorí pé igi ọmọ̀ kì í rì; ó ní òun lè fi wa ọkọ̀, òun sì lè dì í mú bí nǹkan bá ṣe. Ọ̀pá ọparun gígùn kan wà tí a ó fi máa wọn ibi tí omi jìn dé, tí a ó sì fi ti ọkọ̀ kúrò lára kùkùté, torí pé oko ni ibẹ̀ kí omi tó bò ó, àwọn igi tí kò wó ṣì dúró nínú rẹ̀. Ó gé ọparun mìíràn kúkúrú, ó kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí a lè máa ti ọ̀pá ìwọ̀ bọ̀ ọ́, kí ọwọ́ lè ráàyè di àjẹ̀ mú. Agbọ̀n ẹja ní ìdérí, a sì lè jókòó lé e. Ahá tí a ó fi gbọ́n omi, ó fi okùn so ó mọ́ ìjókòó kó má baà léfòó lọ nígbà tí a bá wá a. Òun náà la ó fi máa mu ẹ̀kọ. Nígbà tó kan ìdákọ̀ró, mo gbé gígé irin rélùwéè kan wá láti ibi iṣẹ́. Mo rò pé yóò yìn mí. Ó gbé e wò, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní irin yẹn yóò há sáàárín gbòǹgbò igi lábẹ́ omi, kò sì ní jẹ́ ká lọ. Òkúta tí a tún lè pọ́n ọ̀bẹ lára rẹ̀ ló yàn, ó fi okùn tínrín so ó, ó ní bó bá há, ká já okùn ká sì máa lọ. Òkúta pọ̀ nílé.

Mo tún mú aago kẹ̀kẹ́ wá.

"Ta lo fẹ́ lù ú fún?" ó bi mí. "Ẹja?"

Aránṣọ ní ká má gbàgbé agbòòrùn àti rédíò. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé ìyàwó aránṣọ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀, torí pé òun nìkan ló ní ju iṣẹ́ méjì lọ nínú ilé yẹn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àsìkò tó dùn ni.

Ohun kan péré ló wà tí kò bá òfin náà mu. Ó ti fi pákó pààlà sí iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣe é bí àpótí kékeré méjì tí a ó kàn pa. Akèrègbè ńlá ló fẹ́ kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí a ti fi ìda oyin dí lẹ́nu. Ó ní bí omi bá kún ọkọ̀ títí, akèrègbè yóò gbé e dúró lójú omi, ẹni tó bá sì di etí ọkọ̀ mú kò ní rì.

"Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni tiwọn," ó sọ fún mi. "Èmi ni iṣẹ́ wọn."

A lọ sí Ọjà Ọba, àwa méjèèjì. Akèrègbè tó wà níbẹ̀ kéré, èyí tí wọ́n ń rọ epo sí. Àwọn obìnrin tó ń ta ńlá kò tíì kó tiwọn dé láti oko, ó ku bí oṣù méjì. Mo rí i tí ojú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ̀wẹ̀sì, èmi fúnra mi ni mo sì la ẹnu pé ìyá mi ní méjì tó tóbi lórí àjà. Kò bi mí léèrè. Èmi ni mo yọ̀ǹda.

Ìyá mi kò sí nílé nígbà tí mo lọ kó wọn. Mo gun orí àjà, mo gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, mo nu eruku ara wọn. Nígbà tí mo ṣí ẹnu ọ̀kan, òórùn kan jáde níbẹ̀, òórùn omi tútù àti ewé, mo wá rántí. Akèrègbè tí ìyá mi fi ń pọn omi Ọ̀ṣun ni. Nígbà tí ibà bá mú èmi tàbí ẹ̀gbọ́n mi lọ́mọdé, á dìde láàárọ̀ kùtù, á lọ pọn ọ́n, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà títí á fi délé. Inú akèrègbè yìí ni omi tí wọ́n fi wẹ̀ mí ti jáde.

Mo gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró. Mo ní lọ́kàn mi pé omi yàtọ̀ sí omi, Ẹrinlẹ̀ kì í ṣe Ọ̀ṣun. Mo tún ní, akèrègbè kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n fi gba ẹ̀mí mi là lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun ni kí n wá kàn mọ́ inú ọkọ̀ tí a ó fi máa pa ẹja? Mo gbé wọn padà sórí àjà.

Títí di òní mi ò lè sọ pé èyí tí mo ṣe yẹn burú. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló burú. Mo yẹ kí n lọ bá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kí n sọ fún un pé mi ò lè kó wọn wá. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀rín rẹ̀ nípa àwa àti ẹja wa, ojú ń tì mí ṣáájú. Mo gba ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì rélùwéè, níbi tí wọ́n ń kó agolo ọ̀dà tó ti ṣófo sí. Mo ṣa méjì tó ní ìdérí. Ìpẹtà ti ń jẹ ìdí èyí tó tóbi, mo rí i. Mo fi ọ̀dà tó kù nínú rẹ̀ kùn ún, mo yọ́ àbẹ́là sí etí ìdérí àwọn méjèèjì. Mi ò tilẹ̀ rì wọ́n sínú omi wò. Mo fi àpò ìdọ̀họ wé wọn bí ẹni tí kò fẹ́ kí akèrègbè máa gbá ara mọ́ pákó, mo sì tì wọ́n bọ ibi tó ṣe sílẹ̀.

Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí àpò náà. Ó bi mí bóyá mo dí ẹnu wọn dáadáa. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kò tú u wò. Ó mú ìṣó, ó kan pákó lé e lórí. Ìṣó kẹta níwájú, lápá òsì, wọ́ díẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Ó pòṣé, ó wò ó, ó fi sílẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ tú pákó náà.

Lọ́rì kan tó ń lọ kó igi ló bá wa gbé ọkọ̀ dé etí omi. Ó dára lójú omi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó yá, kò sì mì. Fún bí oṣù mẹ́ta, bí iṣẹ́ kò bá sí lọ́jọ́ Sátidé, a ó gun kẹ̀kẹ́ lọ, a ó pẹja di ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi ń yan ẹja náà. Aránṣọ ń jẹ níbẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ posí mọ́.

Ìparí òjò ni, ọ̀sán gangan, tí ìjì dé láti ìhà òkè. Kò fún wa láyè láti wà dé etí. Atẹ́gùn gbé wa lọ bá kùkùté kan tó wà lábẹ́ omi, pákó ìsàlẹ̀ fọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀rù. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gba èyí gbọ́: kò bẹ̀rù. Ó ní kí n má fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí n di etí rẹ̀ mú, pé yóò kún ṣùgbọ́n kò ní lọ. Ó dì í mú tọwọ́tọwọ́. Orí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ìdí tẹ̀ lé e, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń bá a lọ sísàlẹ̀ nítorí pé ó gbà á gbọ́.

Mo mòòkùn tẹ̀ lé e. Ẹ̀wù rẹ̀ ni mo gbá mú, mo fà á jáde. Àjẹ̀ igi ọmọ̀ náà léfòó nítòsí, a gbára lé e títí a fi dé ibi igi gbígbẹ kan tó dúró láàárín omi, a dì mọ́ ọn. Ó pọ omi jáde púpọ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ohun tó sọ ni, "Ìṣó mi ni. Ìṣó kẹta yẹn. Mo gún akèrègbè."

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi di ẹ̀ka igi náà mú. Àgbẹ̀ kan tó ní ọkọ̀ gbígbẹ́ ló wá gbé wa níbẹ̀.

Àìsàn àyà dè é mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sùn. Nígbà tó dìde, mo rò pé ó ti tán, pé ohun tí mo fi pamọ́ ti lọ sísàlẹ̀ omi pẹ̀lú ọkọ̀. Kò tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀. Á kan ìṣó kan, á tú u. Á wọn pákó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á gbé e tì. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kàn fún ẹ̀gbọ́n mi dúró láìní ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tó fi lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n yọ òun kúrò níbi ìjókòó èrò, kí wọ́n fi òun sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀gbọ́n mi bi í ìdí rẹ̀ níṣojú mi. Ó ní èrò ń jókòó lé ohun tí òun bá kàn, wọ́n sì ń gbé ọmọ dání.

Mo gbọ́ ọ. Oúnjẹ wà níwájú mi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, omi kò fà tó. Èkejì ló fà gan-an, àgbẹ̀ tó gbé wa lọ́jọ́sí sì ránṣẹ́ pé ọkọ̀ wa ti yọrí nínú ẹrẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kó òòlù rẹ̀ sínú àpò. Ó ní òun kò fẹ́ ọkọ̀ mọ́, òun kàn fẹ́ fojú rí ibi tí ìṣó náà gbà wọlé, kí òun lè mọ̀ ọ́n kí òun sì sinmi. Kò ní kí n bá òun lọ. Mo gbé kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Gbogbo ojú ọ̀nà títí a fi kọjá Ìdó-Ọ̀ṣun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò, mò ń to ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń tú.

Ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ti dúdú. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ki ẹnu òòlù bọ abẹ́ pákó iwájú. Ìgbà yẹn ni ẹnu mi tó là.

"Bọ̀dá, ẹ dúró. Kò sí akèrègbè nínú rẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò wojú mi.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Agolo ọ̀dà."

"Àti ti ẹ̀yìn ọkọ̀?"

"Ti ẹ̀yìn náà, sà. Méjèèjì."

"Akèrègbè ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lórí àjà. Omi Ọ̀ṣun ni ìyá mi ń pọn sínú wọn. Mi ò lè gbé wọn wá, mi ò sì lè sọ fún yín."

Ó tẹ òòlù, pákó ṣí. Àpò ìdọ̀họ ti jẹrà. Ó yọ agolo náà; ìdí rẹ̀ ti lu débi tí ọwọ́ fi lè wọ̀ ọ́. Kò dì í mú pẹ́. Ó yí pákó tó tú náà padà, ó wá ìṣó kẹta. Ìṣó náà ti yà sínú igi tí wọ́n kàn án mọ́, ẹnu rẹ̀ kò yọ síbì kankan. Ó fi àtàǹpàkò pa ibẹ̀, ó tún pa á. Ó wá fi èékánná fa ojú ibi tí pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti pàdé, láti iwájú dé ìdí, ó ń rìn lórí eékún. Èékánná kò kọ́. Ibi tí kùkùté fọ́ nìkan ló fọ́.

Mo ti dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde.

"Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin," ó ní, "ni mo fi ń bẹ̀rù ọwọ́ ara mi."

Ó nu òòlù rẹ̀, ó dá a padà sínú àpò. Ó bi mí ohun tí mo rò pé òun yóò ṣe ká ní mo sọ fún òun. Mo ní mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ǹ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín," ó ní. "Lẹ́yìn náà, ǹ bá dúró kí akèrègbè tuntun dé."

A gun kẹ̀kẹ́ padà. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi níṣojú ọkọ rẹ̀, torí pé ó ní òun kò ní bá mi sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi. Kò kàn bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó gbé akèrègbè méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́, ó ní, "Ò bá ti bi mí, ọmọ mi. Ǹ bá bá yín wá òmíràn."

Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Rélùwéè ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, kò padà síbi ìjókòó èrò mọ́. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, kí wọ́n tó kó lọ sí Iléṣà, níbi tó ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mo máa ń lọ kí wọn. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí mi, a máa ń jẹun pọ̀, a máa ń ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá dì dání wá, ìbáà ṣe ìṣó tó ní kí n bá òun rà tàbí iyán tí ìyá mi wé sínú ewé, kì í kàn gbà á gbé kalẹ̀. Á tú u níwájú mi, á wò ó, á tún un dì. Kì í sọ nǹkan kan sí i. Mo ti wá kọ́ láti máa tú u fúnra mi kó tó na ọwọ́.